Láàárín Gbígbọ́ àti Gbígbà: Ọ̀rọ̀ lórí Ìfẹ́ Ọgbọ́n àti Òmìnira Ọkàn

Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé wa lọ́wọ́ láti sọ ni ti ẹ̀kọ́ tí àwọn Gíríìkì ìgbàanì ń pè ní fílósófì, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn kò ju ìfẹ́ ọgbọ́n lọ. Àti bí ẹ̀kọ́ náà ṣe lè jẹ́ ọ̀nà òmìnira fún ènìyàn ní àkókò yìí tí Facebook, WhatsApp àti TikTok ti di ọjà tí a ń ná tọ̀sán-tòru. A mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín yóò ti ṣí Bíbélì rẹ̀ sí ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kólósè, níbi tí Àpọ́sítélì náà gbé kìlọ̀ fún wọn kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ mú wọn lẹ́rú. Ó tọ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, nítorí bí a bá fò ó, ẹ ó máa rò ó lọ́kàn títí a ó fi parí.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sá fún. Oko ẹrú ni. Kò sọ pé kí àwọn ará Kólósè má ronú. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí wọ́n má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dídùn tí kò ní ìdí gbé ọkàn wọn lọ. Ní òpin ìwé kan náà ó dárúkọ ìlú kan, Hierapólì, tí kò jìnnà sí Kólósè. Ní ìlú yẹn, ní nǹkan bí ọdún 50 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, ni a bí ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Epictetus. Ẹrú ni. Ó sìn ní Róòmù, arọ sì ni pẹ̀lú. Nígbà tí ó gba òmìnira, ó di olùkọ́ ìfẹ́ ọgbọ́n, títí Késárì Domitian fi lé irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kúrò ní ìlú, tí òun náà sì lọ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Nikópólì ní ilẹ̀ Gíríìkì. Òun fúnra rẹ̀ kò kọ ìwé kankan. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, Arrian, ni ó kọ ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe Kristẹni, a kò sì ní sọ ọ́ di Kristẹni níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú rí ni ẹni tí ó yẹ kí a bi léèrè ohun tí òmìnira jẹ́.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ṣòro láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. Ó ní gbogbo ohun tí ó bá dé bá wa, ìbáà ṣe ìròyìn, ìbáà ṣe ìbẹ̀rù, ìbáà ṣe ẹ̀gàn, ìrísí lásán ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Bí àlejò ni ó rí tí ó ń kan ilẹ̀kùn. Kò tíì wọlé. Àwa ni a ń ṣílẹ̀kùn fún un nígbà tí a bá gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. Àyè kékeré kan wà láàárín ìgbà tí ó kànkùn àti ìgbà tí a ṣílẹ̀kùn, inú àyè náà sì ni òmìnira ènìyàn wà. Olówó ẹrú lè de ẹsẹ̀, Késárì lè gba ilé àti ẹrù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè ti ìta bá wa ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Nítorí náà ó ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí wọ́n dá ìrísí dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á láyè. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí, bí ó tilẹ̀ jókòó lórí ìtẹ́, ẹrú ni.

A kò gbọdọ̀ rò pé àwọn Gíríìkì nìkan ni ó rí àyè náà. Èdè wa ti rí i kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa. Yorùbá ní “gbọ́”, ó ní “gbà”, ó sì ní “mọ̀”, kì í sì í dà wọ́n pọ̀. Bí ènìyàn bá sọ láàárín àgbà pé òun mọ̀ pé lágbájá jalè, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ bá a ni pé, “Ṣé ó ṣojú rẹ?” Bí kò bá ṣojú rẹ̀, wọn yóò sọ fún un pé ó gbọ́ ni, kò mọ̀. Olubi Sodipo, ẹni tí ó di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1982, àti Barry Hallen, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ṣe olùkọ́ ní Ifẹ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn wa, wọ́n sì bi wọ́n léèrè ìtumọ̀ irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1986 sọ ohun tí wọ́n rí: pé lẹ́nu àwọn àgbà náà, ìmọ̀ ni ohun tí ẹni fi ojú ara rẹ̀ rí tí ó sì yé e, ohun gbogbo tí ó kù, títí kan èyí tí a kọ́ ní ilé-ìwé àti èyí tí a kà nínú ìwé, ìgbàgbọ́ ni wọ́n kà á sí, àfi bí a bá dán an wò. Ẹ wo bí èyí ti le tó! Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwa tí a kàwé ń pè ní ìmọ̀, àwọn àgbà wọ̀nyí yóò fi ọ̀wọ̀ sọ fún wa pé a gbọ́ ọ, a sì gbà á ni.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Ṣé ẹ kò máa bẹnu àtẹ́ lu ìgbàgbọ́ báyìí, níwájú àwa tí orúkọ wa pàápàá ń jẹ́ onígbàgbọ́?” Rárá o. Lúùkù, nígbà tí ó fẹ́ kọ Ìhìn Rere, sọ fún Tèófílù ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ pé òun ti tọpasẹ̀ ohun gbogbo, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ṣojú wọn ti fi lé ìjọ lọ́wọ́. Àwọn ará Bèróà gbọ́ ìwàásù Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò lójoojúmọ́ láti mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni, a sì yìn wọ́n fún un. Bí a bá lè yẹ ọ̀rọ̀ Àpọ́sítélì wò, kí ni ó dé tí a kò fi lè yẹ ọ̀rọ̀ ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ wò, tí ó ní wòlíì kan rí ìran lóru àná, kí a yára fi í ránṣẹ́ sí ènìyàn 10 kí ìbùkún wa má baà kọjá? Ìgbàgbọ́ wa wà nínú Ẹni tí a mọ̀ ní olóòótọ́. Kì í ṣe ẹ̀jẹ́ tí a jẹ́ pé gbogbo ohun tí a bá gbọ́ ni a ó máa gbà.

Ẹni tí ó lè fi ọ̀rọ̀ yìí hàn wá jù lọ, ọmọ Òkè-Ògùn ni. Gbogbo yín mọ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọ̀pọ̀ nínú yín sì mọ̀ pé Òṣoògùn, ní ilẹ̀ Ìsẹ́yìn, ni a bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní 1821 ogun kó ìlú náà. Wọ́n so okùn mọ́ ọmọdékùnrin náà lọ́rùn, òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀, wọ́n sì fà wọ́n lọ sí Ìsẹ́yìn. Kò pẹ́ tí a fi í pààrọ̀ ẹṣin. Láti ọwọ́ olówó kan dé ọwọ́ òmíràn ni wọ́n ń tà á títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti rà á. Ní April 1822 wọ́n kó òun àti àwọn ẹrú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀ òkun. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣíkọ̀ ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ ẹrú náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ẹrú bọ́ sínú ọkọ̀ tiwọn ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́.

Ní February 1837, nígbà tí ó wà ní Sàró, Crowther kọ ìwé sí akọ̀wé ẹgbẹ́ CMS, ó sì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí. Ó ní nígbà tí ó kan ọ̀wọ́ tiwọn, tí wọ́n gòkè sínú ọkọ̀ ogun tí a ń pè ní Myrmidon, wọ́n wá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí a ti kó ṣáájú, wọn kò rí ẹnì kan. Ohun tí wọ́n rí ni ẹran tí a so rọ̀, tí awọ rẹ̀ funfun, àti àwọn ohun roboto tí a tò lọ lórí pákó ọkọ̀. Kíá ni ọkàn wọn ti parí ọ̀rọ̀: ẹran ara àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni èyí tí ó so rọ̀, orí wọn sì ni èyí tí a tò sílẹ̀. Ta ni yóò bá wọn wí? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kúrò ní Òṣoògùn, kò sí àjèjì tí ó bá wọn pàdé tí kò tà wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró síbẹ̀. Wọ́n sún mọ́ ẹran náà, wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí pátákò tí ó là sí méjì: ẹlẹ́dẹ̀ ni. Nílé, iná ni a fi ń jó ara ẹlẹ́dẹ̀, nítorí náà wọn kò rí èyí tí awọ rẹ̀ funfun bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n rọra sún mọ́ àwọn ohun roboto náà pẹ̀lú: irin ni, ọta ìbọn ńlá.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń sọ ìtàn Crowther a máa fò ibi yìí kọjá láti lè tètè dé orí oyè bíṣọ́ọ̀bù ti 1864. Lójú tiwa, kò sí ibi tí ó tóbi jù ú lọ nínú ìtàn náà. Ẹ wò ó: ojú ara wọn ni wọ́n fi rí ohun tí wọ́n rí. Kì í ṣe àgbọ́sọ. Síbẹ̀ ìbẹ̀rù ti sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wọn kí ojú tó wò tán. Kò sí olùkọ́ lọ́dọ̀ wọn, wọn kò gbọ́ èdè àwọn tí ó ni ọkọ̀, wọn kò sì tíì mọ̀ bóyá wọ́n ti di òmìnira tàbí wọ́n ti bọ́ sọ́wọ́ olówó tuntun. Ohun tí wọ́n ní kò ju ẹsẹ̀ láti fi sún mọ́ nǹkan, àti ìrántí bí ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ti rí. Ní ọjọ́ 17 oṣù June 1822 ni wọ́n gúnlẹ̀ ní Sàró, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ ìwé kíkà láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó tú okùn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n òmìnira tí àwọn ọmọ wọ̀nyí rí lórí pákó ọkọ̀ Myrmidon, àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi fún ara wọn.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a gbé fóònù jáde lápò. Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Facebook bẹ̀rẹ̀ ní 2004, WhatsApp ní 2009. Ní 2014 ni Facebook ra WhatsApp ní iye tí ó tó bílíọ̀nù 19 dọ́là. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń tà, nígbà tí ẹ kì í san kọ́bọ̀ fún un láti wọ ọjà rẹ̀. Ojú yín ni ó ń tà. Àwọn tí ó fẹ́ polówó ọjà ni ó ń san owó fún un, kí wọ́n lè rí ibi tí ojú yín wà. Nítorí náà ẹ̀rọ náà ń kíyè sí ohun tí ẹ dúró wò, ohun tí ó bí yín nínú, ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, ó sì ń gbé irú rẹ̀ wá sí i. Kò bìkítà bóyá òtítọ́ ni. Ìbínú àti ìbẹ̀rù kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn kúrò nídìí fóònù. Ẹ̀rọ tí èrè rẹ̀ wà nínú kí a má ṣe dúró ronú, ilẹ̀kùn Epictetus ni ó ń fọ́ lójoojúmọ́, láìjẹ́ pé ó kórìíra wa rárá.

Ohun kejì tí ó ń ṣe wá ni pé ó ń sọ gbígbọ́ di rírí. Àwọn baba wa mọ̀ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí fíìmù kan bá dé sórí WhatsApp, a ó sọ pé a fi ojú wa rí i. Kí ni a rí? A rí àwòrán. Ẹni tí ó sọ fún wa ibi tí a ti yà á, ìgbà tí a yà á, àti ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, àgbọ́sọ ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní báyìí tí ẹ̀rọ ti lè ya ojú ẹni tí kò sí ní ayé, tí ó sì lè fi ohùn pásítọ̀ sọ ohun tí pásítọ̀ kò sọ rí, àwòrán pàápàá ti di ohun tí a ń bi léèrè. Ilé-iṣẹ́ WhatsApp fúnra rẹ̀ rí ewu yìí: ní January 2019 ó pàṣẹ pé ènìyàn kò lè ta àtaré ọ̀rọ̀ kan ju ibi 5 lọ lẹ́ẹ̀kan, ní April 2020 ó sì sọ ọ́ di ibi 1 fún ọ̀rọ̀ tí ó bá ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó yani lẹ́nu díẹ̀ pé oníṣòwò ní Amẹ́ríkà ni ó wá ń rán Yorùbá létí pé ẹnu kì í ṣe agogo.

Ẹ jẹ́ kí a rántí oṣù August 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù July ọdún náà ni Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wá sí Èkó láti ilẹ̀ Làìbéríà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù kan láàárín òru kan ṣoṣo pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ìyá jí ọmọ wọn lójú oorun. Ìfẹ́ ni ó mú wọn ṣe é, kì í ṣe ìwà búburú. A kò gbọdọ̀ fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìròyìn fi hàn pé ó kéré tán ènìyàn 2 kú ní Jọs nítorí iyọ̀ àmujù, ọ̀pọ̀ sì dèrò ilé ìwòsàn. Ebola kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní Èkó kan náà, dókítà obìnrin kan ti ṣe ohun tí ó yàtọ̀. Nígbà tí Ameyo Stella Adadevoh wo Sawyer, ẹni tí a ti ń tọ́jú fún ibà, tí aláìsàn náà sì ń sọ pé òun kò bá ẹlẹ́bólà kankan pàdé, dókítà náà gbọ́ ọ, kò gbà á. Ó bi í léèrè, ó ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sì jẹ́ kí ó jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Làìbéríà ń rọ̀ ọ́ kí ó fi í sílẹ̀. Àrùn náà ran òun fúnra rẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù August 2014. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń béèrè ẹni tí ó fara kan ẹni, wọ́n tọpasẹ̀ ènìyàn tí ó sún mọ́ 900. Ní ọjọ́ 20 oṣù October ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 nínú wọn kú. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un: Herbert Macaulay ni ó bí òbí àgbà dókítà yìí, Macaulay sì ni ọmọ Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ó sún mọ́ ẹran tí ó so rọ̀ láti wo pátákò rẹ̀ ni.

A lè sọ púpọ̀ sí i nípa owó, ṣùgbọ́n ìtìjú kò ní jẹ́ kí a pẹ́ níbẹ̀. MMM ṣèlérí èrè ọgbọ̀n lórí ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní December 2016. Àwọn onígbàgbọ́ tí ó jẹ́rìí nípa rẹ̀ nínú ìjọ kò kéré. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè òwò tí ó ń ṣe.

Àwọn kan nínú yín yóò fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ìjọba. Òótọ́ ni pé Ìjọba Àpapọ̀ ti Twitter pa ní ilẹ̀ wa láti June 2021 di ọjọ́ 13 oṣù January 2022, ó sì dára bí àwọn ènìyàn ti kígbe, nítorí òmìnira ẹnu kì í ṣe ohun tí a ń fi tọrẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a tú ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì ń fi ẹnu náà sọ ohun tí ẹlòmíràn fi sí i, kò tíì rí gbà tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba lè dí ẹnu ọ̀nà fóònù, ó sì lè ṣí i. Ti inú lọ́hùn-ún, àṣẹ wa ni.

Ibi tí ó ń dùn wá jù nìyí. Ní June 2018, ní àdúgbò Gashish ní Ìpínlẹ̀ Plateau, a pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìpakúpa náà ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àwòrán tí ó gba orí Facebook kan, tí ó mú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ gbóná ní Jọs, kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ti ibẹ̀ wá. Àwọn oníròyìn BBC wádìí, wọ́n sì rí i pé Kóńgò Brazzaville ni a ti ya ọ̀kan nínú àwọn fíìmù náà, ní 2012. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ èyí, àwọn ọ̀dọ́ ti dí ọ̀nà ní Jọs, wọ́n ti fa èrò ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀yà tí wọ́n jẹ́, wọ́n sì ti pa wọ́n.

Àwa ará Òkè-Ògùn kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ibòmíràn nìyẹn. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa, koríko rẹ̀ dára fún màlúù, ọjọ́ ti pẹ́ tí àgbẹ̀ àti darandaran ti ń bá ara wọn gbé láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí títí dé Kìṣí. A mọ̀ pé màlúù ń jẹ oko. A mọ̀ pé ìjínigbé wà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìgàngàn, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ní June 2021, kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá sọ fún àgbẹ̀ pé kí ó má bẹ̀rù, ẹni náà kò gbé oko. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìbẹ̀rù náà ní ìdí, nítorí náà gan-an ni irọ́ fi rọrùn láti wọlé lábẹ́ aṣọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rù àwọn ọmọ inú ọkọ̀ Myrmidon ti ní ìdí.

Crowther tún ràn wá lọ́wọ́ níbí. A máa ń gbọ́ lórí ìkànnì wọ̀nyí pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni ó kó Òṣoògùn lẹ́rú, a sì ń fi orúkọ bíṣọ́ọ̀bù náà jẹ́rìí. Ohun tí òun tí ó ṣojú rẹ̀ kọ ní 1837 kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ ni ó pọ̀ jù nínú ogun náà, pẹ̀lú àwọn Fúlàní, àti àwọn ẹrú àjèjì tí ó ti sá mọ́ olówó wọn lọ́wọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ wà lára àwọn tí ó so okùn mọ́ ọmọ Ọ̀yọ́ lọ́rùn. A kò sọ èyí láti di ẹrù lé ẹ̀sìn àwọn aládùúgbò wa lórí. Ẹ wo iye ìdílé tí mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ń jẹun nínú abọ́ kan náà ní Ìsẹ́yìn. A sọ ọ́ nítorí pé ẹni tí ìyà náà jẹ kọ̀ láti sọ ìtàn rẹ̀ di èyí tí ó rọrùn ju bí ó ti rí lọ.

Báwo ni a ó ṣe kọ́ àwọn ọmọ wa ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀? Kí a sọ òtítọ́: ọwọ́ tiwa ni a fi ń pa á. Bí ọmọ bá bi àgbà léèrè pé, “Báwo ni ẹ ṣe mọ̀?”, àfojúdi ni a ń kà á sí, bí ọ̀dọ́ bá bi wòlíì léèrè nínú ìjọ, a ní ó ti ṣọ̀tẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti lu ìbéèrè náà kúrò lẹ́nu rẹ̀ fún ọdún 15, a ó ra fóònù fún un, ẹnu a sì máa yà wá pé ó ń gba ohun gbogbo gbọ́. Ọ̀nà ọ̀wọ̀ wà láti fi béèrè. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni ó sọ fún yín?” “Ẹ má bínú mà, ṣé ó ṣojú yín?” Ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn ní èyí bí a ti ń kọ́ wọn ní ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, kí àwa náà sì lè dáhùn pé, “Rárá o, ọmọ mi, mo gbọ́ ni.” Ahunṣọ Ìsẹ́yìn kì í gba òwú nítorí pé ó ń dán, a fà á wò bóyá yóò já, a fi omi kàn án bóyá aró rẹ̀ yóò ṣí. Ẹni tí ó sì mọ sányán yóò béèrè bóyá òwú tí a fà lára ilé kòkòrò ni tàbí èyí tí a kàn pa láró. Oníṣòwò òwú kì í bínú sí i. Kí ni ó dé tí oníwàásù yóò fi bínú?

Ó ku ìbéèrè kan tí àwọn ọdẹ àti àwọn fijilanté yóò bi wá, ìbéèrè tí ó tọ́ sì ni. Bí ọ̀rọ̀ bá dé sórí fóònù ní agogo 11 òru pé àwọn apànìyàn ti wọ abúlé kan, ṣé kí a jókòó máa ṣe ìfẹ́ ọgbọ́n títí wọn yóò fi dé ẹnu ọ̀nà wa? Rárá. Yíyẹ ọ̀rọ̀ wò kì í ṣe oorun. Ìjọba ìbílẹ̀ 10 ni ó wà ní Òkè-Ògùn, kò sì sí ìlú kan nínú wọn, ìbáà ṣe Ìgbẹ́tì tàbí Ìgbòho, Òkèihò tàbí Ìgànná, Àgọ́-Àrẹ tàbí Tedé, tí ìjọ yìí kò ní ará, àna tàbí ọmọ ilé-ìwé kan sí. Ẹ tilẹ̀kùn yín, ẹ kó àwọn ọmọ jọ sínú ilé, kí ẹ sì pe ẹni náà. Ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀. Ẹ bi í léèrè pé ibo ni ó wà, kí ni ó ń rí lójú ara rẹ̀, kí ni ó gbọ́, ta ni ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Bí kò bá gbé e, ẹ pe ẹnìkejì. Kò ní gbà yín ní àkókò tí iṣu fi ń jinná. Ẹ ṣe é kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, àti kí ọmọkùnrin kankan tó mú àdá jáde kúrò nínú ilé yín.